Àdágbé kì í pa ìjà akàn àti àwọn ìbátan rẹ̀

Àwọn tí ń pa akàn ní ọ̀sà Àjàṣẹ́ mọ̀ pé ẹranko náà kì í kọ ìjà. Ẹnìkan lè rò pé bí a bá ya irú ẹranko bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, yóò gbàgbé ìjà. Ìwádìí lórí àwọn ìbátan akàn fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí àwọn Faransé ń pè ní écrevisse. Ó jọ edé, ó ń gbé inú omi tí kò níyọ̀, ó sì ní ọwọ́ ńlá méjì bí ti akàn. Bí àwọn onímọ̀ bá fẹ́ wo ìjà rẹ̀, wọn a kọ́kọ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú omi tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ipò àtijọ́ lè pa rẹ́. Bí wọ́n bá wá kó wọn pọ̀, wọn a na ọwọ́ sókè, wọn a di ara wọn mú, títí ọ̀kan yóò fi fi ìrù gbá omi, tí yóò sì sá sẹ́yìn. Wákàtí àkọ́kọ́ ni ìjà máa ń gbóná jù. Nígbà tí ilẹ̀ bá fi mọ́, olúkúlùkù ti mọ ipò rẹ̀, ìjà a sì dínkù púpọ̀.

Àdágbé a máa dé inú iṣan ara pàápàá. Ní ọdún 1996, Yeh, Fricke àti Edwards, ní Amẹ́ríkà, fi èròjà tí a ń pè ní sérotonine, tí ó wà nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, kan iṣan tí ń pàṣẹ sísá nínú écrevisse. Nínú èyí tí ń dá gbé, iṣan náà jí pépé, kò sì tètè padà. Nínú ọ̀gá, ó jí pépé fún ìgbà díẹ̀. Nínú èyí tí a ti ṣẹ́gun, ó rọlẹ̀. Èròjà kan náà ni. Ìgbé ayé ẹranko ni ó yàtọ̀.

Alákàsà náà ní ẹ̀rí tirẹ̀. Ní ọdún 1998, Karavanich àti Atema fi hàn pé èyí tí a ṣẹ́gun a máa rántí ẹni tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, bí a tilẹ̀ yà wọ́n. Òórùn ìtọ̀ ni ó fi ń dá a mọ̀. Bí ó bá tún pàdé rẹ̀, yóò yà fún un; ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé ọ̀gá mìíràn tí kò mọ̀ rí, yóò bá a jà.

Ìṣòro àwọn tí ń sin alákàsà nìyí. Bí wọ́n bá kó wọn pọ̀, wọn a máa jẹ ara wọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Yàrá náà gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àlàáfíà. Ahọ́n àti eyín tí ń gbé pọ̀ a máa jà, wọn a sì parí rẹ̀. Ohun tí ń dá ìjà dúró láàárín àwọn ẹranko wọ̀nyí ni pé wọ́n mọ ara wọn, kì í ṣe pé wọ́n jìnnà síra.