Owó Tẹ́tẹ́ àti Ẹni tó ti Fẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará wa tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Amẹ́ríkà ló ti fẹ̀yìntì báyìí. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, tíṣà wà, awakọ̀ wà. Ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sí ilé tiwọn, ilé wá dákẹ́. Ní ọjọ́ kan ọ̀rẹ́ á ní, "Ẹ jẹ́ ká jáde lọ nasẹ̀." Àwọn tó ń gbé ní Houston á wọ ọkọ̀, wọ́n á kọjá sí Lake Charles ní ìpínlẹ̀ Louisiana, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńlá wà. Wọ́n á jẹun, wọ́n á ta tẹ́tẹ́ díẹ̀, wọ́n á padà sílé.

A kò wá wàásù nípa tẹ́tẹ́ níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé ni ohun tí owó tẹ́tẹ́ ń ṣe sí owó-orí, àti sí owó tí àgbàlagbà ń san fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ ọ́n títí ìwé ìjọba fi bá wọn nílé.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà, opó ni, ẹni ọdún 72. Nọ́ọ̀sì ni nígbà tó ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ká máa pè é ní Mama Nọ́ọ̀sì. Ní ọdún 2024, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ àti èyí tó yọ nínú owó tó ti fi pamọ́ fún ọjọ́ ogbó jẹ́ 70,000 dọ́là. Owó Social Security rẹ̀ jẹ́ 30,000. Òfin kì í ka gbogbo Social Security mọ́ owó tí a ń san owó-orí lé lórí. Fún ẹni tí owó rẹ̀ tó báyìí, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń kà, èyíinì ni 25,500. Àpapọ̀ owó rẹ̀ lójú ìjọba wá jẹ́ 95,500 dọ́là.

Ní ọdún yẹn kan náà, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kan kọrin fún un ní Lake Charles: 15,000 dọ́là! Wọ́n mú ìwé kan wá tí wọ́n ń pè ní W-2G. Nígbà náà, ẹni tó bá jẹ 1,200 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ẹ̀rọ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún (láti 2026 ó ti di 2,000). Ẹ̀dà kan lọ sí ọ̀dọ̀ I.R.S., àwọn tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀. Wọn kò yọ owó-orí ìjọba àpapọ̀ nínú owó náà, nítorí wọn kì í déédéé yọ irú owó-orí yìí ṣáájú nínú ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ bí wọ́n ti ń yọ 24 nínú ọgọ́rùn-ún nínú lọ́tìrì tó bá ju 5,000 dọ́là lọ. Mama Nọ́ọ̀sì kó owó rẹ̀, ó sì rò pé tòun ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó tún padà lọ. Kí ọdún tó parí, ó ti pàdánù 14,000. Èrè tó kù sí i lọ́wọ́ gan-an kò ju 1,000 dọ́là lọ.

Nígbà tí àkókò owó-orí dé ní 2025, ọmọkùnrin tó ń bá a kọ ìwé náà ní, "Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi pé ẹ jẹ tẹ́tẹ́."

"Èwo ni mo jẹ, ọmọ mi? Ṣebí wọ́n ti gbà á padà tán."

"Wọ́n gbà á padà lóòótọ́, Mà. Àmọ́ ìjọba ò kà á bẹ́ẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rọra kà á. Gbogbo owó tí ènìyàn jẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kà mọ́ owó tó wọlé, yálà wọ́n fún un ní ìwé tàbí wọn kò fún un. Owó tó pàdánù ńkọ́? Ẹni tó bá ń ka ìnáwó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún I.R.S. nìkan ló lè yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ arúgbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí òfin ti ní iye kan tó ń yọ fún olúkúlùkù láìbéèrè. Ní 2024, iye náà jẹ́ 16,550 dọ́là fún àgbà tó dá wà. Àdánù Mama Nọ́ọ̀sì àti àwọn ìnáwó díẹ̀ tó kù kò tó 16,550, nítorí náà àdánù náà kò ràn án lọ́wọ́ rárá. Ó san 22 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 15,000, èyí tó jẹ́ 3,300 dọ́là. Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba irú owó-orí yìí, ṣùgbọ́n Louisiana ń gbà á lórí tẹ́tẹ́ tí a jẹ níbẹ̀. A kò tíì ka ìyẹn mọ́ ọn.

Ó san án, ó kùn, ó gbàgbé. Kò mọ̀ pé ó ku ọ̀kan.

Medicare ni ìjọba fi ń tọ́jú àwọn tó ti pé 65, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Fún apá tó kan dókítà, owó oṣù kan ní 2026 jẹ́ 202.90 dọ́là fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí owó rẹ̀ bá pọ̀ máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé owó rẹ̀ pọ̀? Ìwé owó-orí ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń wò. Ti 2024 ni wọ́n fi pinnu ti 2026. Ààlà rẹ̀ jẹ́ 109,000 dọ́là fún ẹni tó dá wà, 218,000 fún tọkọtaya tó jọ kọ ìwé owó-orí kan.

Ẹ fi 15,000 lé 95,500: ó di 110,500. Mama Nọ́ọ̀sì ti kọjá ààlà. Owó dókítà rẹ̀ di 284.10 lóṣù, wọ́n sì fi 14.50 lé owó oògùn. Láàárín ọdún kan, àlékún náà jẹ́ 1,148.40 dọ́là. Inú Social Security ni wọ́n ti ń yọ ọ́ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Nítorí èrè 1,000 dọ́là, ó san 4,448.40. Àwọn àgbà ní àjẹsílẹ̀ gbèsè ni kì í jẹ́ kí ẹgbẹ̀fà tó ná. Ti ìyá yìí tilẹ̀ burú jù, nítorí kò mọ̀ pé òun jẹ gbèsè.

Ààlà yìí kò ní ìrọ̀rùn kankan. Ká ní 13,500 ló jẹ, kò ní san kọ́bọ̀ àlékún. Dọ́là kan ṣoṣo lé e, gbogbo rẹ̀ ló máa san. Ní ti tọkọtaya tí àwọn méjèèjì wà nínú Medicare, bí ọ̀kan bá ta tẹ́tẹ́, àwọn méjèèjì ni àlékún máa kàn. Lójú tiwa, èyí kò dára tó, ṣùgbọ́n bí òfin ti wí nìyẹn.

Ìwé kan wà, SSA-44, tí ènìyàn fi ń bẹ Social Security pé kí wọ́n mú àlékún kúrò. Ikú ọkọ tàbí aya, ìkọ̀sílẹ̀, ìdáwọ́ iṣẹ́ dúró àti irú wọn ni wọ́n ń gbọ́. Tẹ́tẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé ọdún kan ni àlékún náà: bí owó 2025 bá ti relẹ̀, ti 2027 á relẹ̀.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ náà kò bọ́ pátápátá. Ká sọ pé bàbá kan ní 24,000 láti Social Security àti 10,000 láti ibòmíràn. Kò san owó-orí rárá ní 2024. Bó bá jẹ tẹ́tẹ́ 8,000, òfin á tún ka 2,500 nínú Social Security rẹ̀. Nítorí náà 8,000 ló wọlé, 10,500 ni ìwé fi kún owó rẹ̀, yóò sì san 395 dọ́là.

Kí ni Mama Nọ́ọ̀sì ìbá ti ṣe? Ọ̀rọ̀ kò bọ́ títí di ìparí ọdún 2024. Níwọ̀n bí kò ti pé 73, òfin kò tíì fi dandan lé e pé kó yọ owó nínú àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IRA. Ìbá ti dín èyí tó ń yọ kù pẹ̀lú 1,500 péré. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí àwọn ará ìjọ wa kì í sábà mọ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 70 ọdún ààbọ̀ lè ní kí owó ìdámẹ́wàá tàbí ọrẹ rẹ̀ lọ tààrà láti inú IRA sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí òfin Amẹ́ríkà mọ̀, wọn kò sì ní kà á mọ́ owó tó wọlé fún un. Kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Èyí tó bá fi ránṣẹ́ sí ìjọ nílé ní Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀.

Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 tún mú un le sí i. Láti 2026, 90 péré nínú ọgọ́rùn-ún àdánù ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó jẹ 10,000 tó sì pàdánù 10,000 máa san owó-orí lórí 1,000 tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹ fi sínú àpamọ́wọ́ tí ẹ ń gbé lọ síbẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ sí i, orúkọ ilé tẹ́tẹ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀, irú tẹ́tẹ́ tí ẹ ta, ẹni tó bá yín lọ, iye tí ẹ jẹ àti iye tí ẹ pàdánù. I.R.S. ń fẹ́ rí i. Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó wọ ọkọ̀ padà sí Houston.