Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ṣé iṣẹ́ ọlọ́pàá ni gbèsè gbígbà?

Oníṣòwò obì kan ní Sábó, Ṣágámù, tajà láwìn, oníbàárà kò sanwó. Ibo ló máa gbà?

1. Láyé àtijọ́, ológò ni olówó ń rán. Yóò jókòó sílé onígbèsè, yóò máa pariwo, yóò pa adìyẹ tó bá rí jẹ, títí ara ilé yóò fi wá owó náà jáde.

2. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Sọ̀wédowó tí kò lówó nídìí, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn.

3. Kóòtù ló kù. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ nìkan kì í san gbèsè o. Olówó gbọ́dọ̀ padà lọ tọrọ àṣẹ. Kóòtù lè pe báńkì onígbèsè pé kó wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó yọ owó náà sílẹ̀. Ìwé ìpè náà gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ báńkì àti onígbèsè ní ọjọ́ 14, ó kéré tán, ṣáájú ìgbẹ́jọ́. Akódà kóòtù sì lè kó fíríìjì tàbí ọkọ̀ lọ tà, ṣùgbọ́n kì í kó aṣọ ọrùn àti ibùsùn.

4. Ilé àti ilẹ̀? Ó di ìgbà tí ẹrù kò bá tó, tí kóòtù sì tún fàṣẹ sí i.

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.