Bí Nọ́ńbà Ìjì Ṣe Di Iṣẹ́ Ọnà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2012, nígbà tí ìjì Sandy ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ wá kọlu ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ mọ ibi tó dé kò dúró ti tẹlifíṣàn nìkan. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n gbà lọ, wọ́n ṣí máàpù kan tó dúdú, tí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ń ṣàn lórí rẹ̀ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òòyà yà. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti rọlẹ̀, jẹ́jẹ́ ni ìlà ń lọ. Tí ojú bá dé etíkun New Jersey, ìlà á ki pọ̀, á funfun báláú, á sì máa pòyì yí ojú kan ká. Kò sí àwọ̀ pupa níbẹ̀, kò sí àmì ìkìlọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé ohun tó ń bọ̀ kì í ṣe kékeré.

Wind Map ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà ló jáde, ó sì ti wà lónìí lára àwọn iṣẹ́ tí ilé ọnà ńlá tó wà ní New York, Museum of Modern Art, kó pamọ́. Àwọn méjì tó ṣe é, Fernanda Viégas àti Martin Wattenberg, kì í ṣe òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́. Ọmọ Brazil ni Viégas, yunifásítì MIT ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìmọ̀ ìṣirò ni Wattenberg kà ní Berkeley, ní California. Ibùdó ìwádìí IBM ní Cambridge, Massachusetts, ni wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó dá iléeṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 2010. Lọ́dún náà ni Google gbà wọ́n sọ́dọ̀.

Ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ni pé kí wọ́n kó nọ́ńbà tí kò lóǹkà jọ, kí wọ́n sì yà á débi tí ojú á fi lè kà á. Ní 2003, wọ́n ya bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ àyọkà sórí Wikipedia, tí ẹlòmíì ń pa á rẹ́, tí ẹlòmíì tún ń dá a padà. Àmọ́ Wind Map kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá gbé fún wọn. Iṣẹ́ ọnà tara wọn ni wọ́n pè é, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé kò sí iléeṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Yorùbá ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń tú àṣírí adìyẹ. Iṣẹ́ tí àwọn méjì yìí dáwọ́ lé ni kí wọ́n tú àṣírí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun èlò tí wọ́n fẹ́ lò sì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó débẹ̀. Iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà ní ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ kan lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti pín gbogbo orílẹ̀-èdè náà sí ojú wẹ́wẹ́. Ojú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà méjì fún ẹ̀fúùfù: ibi tó dorí kọ, àti bó ṣe ń yára tó. Lábẹ́ òfin wọn, ohun tí òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá kọ lẹ́nu iṣẹ́, ti gbogbo ará ìlú ni. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kò ní san kọ́bọ̀, kò sì ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bí wọ́n ṣe sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di ohun tó ń ṣàn ló dùn ún gbọ́. Kọ̀ǹpútà á da àmì tíńtìntín tó pọ̀ lọ jàra sórí máàpù, láìyan ojú kan. Àmì kọ̀ọ̀kan á wo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sún díẹ̀ sí ibi tí nọ́ńbà ní kó sún sí, á tún wo èyí tó kàn. Bó ṣe ń lọ ló ń fi ipa funfun sílẹ̀, ipa náà sì ń ṣá lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá rìn fún ìgbà díẹ̀, á kú, òmíràn á yọ níbòmíràn, kí ibì kan má bàa ṣófo. Ibi tí ẹ̀fúùfù bá ti le, ipa á gùn, á sì mọ́lẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àwọn ń wò. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni máàpù náà ń lọ mú nọ́ńbà tuntun wá. Àwòrán wákàtí kan ṣoṣo, tó dúró sójú kan, ni kọ̀ǹpútà ń mú ṣàn títí wákàtí mìíràn á fi dé. Àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ló sì wà nínú àkójọ náà, kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n lójú ibẹ̀ nìkan. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi wa ọkọ̀ òfurufú tàbí ọkọ̀ ojú omi, kó má sì fi pa iná igbó. Àwọn èèyàn ṣáà wá ìlò tiwọn fún un: àwọn tó ń ṣọ́ ẹyẹ fi ń mọ ìgbà tí ẹyẹ á kọjá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ fi ń mọ ọ̀nà tí ẹ̀fúùfù á ti gbè wọ́n lẹ́yìn.

Èrò pé kí a fi ìlà ya ẹ̀fúùfù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé. Edmond Halley, ará England tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ìràwọ̀ onírù kan, tẹ máàpù ẹ̀fúùfù jáde ní London ní 1686. Ó ti gbé erékùṣù Saint Helena rí níbi tó ti ń wo ìràwọ̀, ó sì bi àwọn atukọ̀ tó mọ òkun dunjú léèrè. Kò lo ọfà. Ìlà kúkúrú ló fà, ó tò wọ́n tẹ̀ léra, ẹnu ṣóńṣó ìlà ló fi ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀fúùfù ti ń bọ̀. Etíkun tiwa wà níbẹ̀: láti Sierra Leone títí dé São Tomé, ó ní ẹ̀fúùfù láti gúúsù àti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ló ń fẹ́ wọlé. Ẹ̀fúùfù kan náà ló ń gbé òjò wá sí Èkó títí dòní. Ohun tí Halley kò ní ni nọ́ńbà tó ń yí padà ní wákàtí-wákàtí. Ẹ̀fúùfù tó ń fẹ́ déédéé nìkan ni irú máàpù bẹ́ẹ̀ lè gbà. Ìjì kì í dúró.

Cameron Beccario, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Tokyo, rí Wind Map, ó sì ṣe irú rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ìparí 2013. Ó pè é ní earth, ó kó nọ́ńbà rẹ̀ láti inú àsọtẹ́lẹ̀ àgbáyé tí Amẹ́ríkà ń gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ó fi àwọ̀ sí i, ó sì tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ.

Nathalie Miebach, ọmọ Jámánì tó ń gbé ní Boston, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń kọ́ nípa ìràwọ̀, ó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń hun agbọ̀n lákòókò kan náà, ló bá da iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Pankẹ́rẹ́, igi àti ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ìdíwọ̀n ooru tàbí ẹ̀fúùfù ló ń pinnu ibi tí pankẹ́rẹ́ á ti tẹ̀ àti ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ á jókòó sí. Ó tún kọ nọ́ńbà ìjì Noel ti ọdún 2007 sílẹ̀ bí orin tí àwọn olórin lè lù. Kò gba ara rẹ̀ láyè láti yí nọ́ńbà kan padà kí iṣẹ́ lè lẹ́wà.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ̀nyí kò jókòó ro bí ìjì ṣe yẹ kó rí. Àkọsílẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé, ibi tí àkọsílẹ̀ bá pin sí ni iṣẹ́ wọn pin sí. Ẹ ṣí earth nínú oṣù Kìíní, ẹ ó rí ọyẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà sọ̀kalẹ̀ wá bá wa, kedere. Àmọ́ ìjì òjò àkọ́rọ̀, èyí tó ń ti ìlà oòrùn dé lójijì, tó ń ká páànù, tó sì ń lọ kí wákàtí díẹ̀ tó pé, sábà máa ń bọ́ mọ́ àsọtẹ́lẹ̀ àgbáyé lọ́wọ́, torí ojú tó fi pín ilẹ̀ tóbi jù. Ẹ̀rọ tó ń wọn ojú ọjọ́ kò sì pọ̀ nílẹ̀ wa tó láti dí àlàfo náà. Ọmọ Ìbàdàn tó bá fẹ́ fi irú ìjì bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà lè rí kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì lè rí pankẹ́rẹ́ lọ́jà. Àwọn tó ń wọn ẹ̀fúùfù ló máa kọ́kọ́ bá a ṣe ohun èlò rẹ̀ tó kù.