Òdòdó Tí A Fi Bébà Ṣe: Ẹ̀ṣọ́ fún Ilé Wa àti fún Ilé Ọlọ́run



Nígbàkígbà tí Àjíǹde, Ìkórè tàbí ìgbéyàwó bá ti ń súnmọ́ tòsí, ọ̀rọ̀ òdòdó a máa di àríyànjiyàn nínú ìjọ. Òdòdó tútù wọ́n, ooru ilẹ̀ wa kì í sì í jẹ́ kí ó pẹ́. Èyí tí a rà ní ọjọ́ Ẹtì lè ti sorí kọ́ kí ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tó parí. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá ìjọ fi ń béèrè pé: ǹjẹ́ a kò lè fi bébà ṣe tiwa? Àwọn àgbà kan a sì máa dáhùn pé ohun àfarawé kò yẹ pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn

Nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 25, nígbà tí Ọlọ́run ń sọ fún Mósè bí wọn yóò ti ṣe ọ̀pá fìtílà inú Àgọ́, Ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi wúrà lílù ṣe ìtànná sí i lára. Nínú ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 6, a kà pé Sólómọ́nì mú kí wọ́n gbẹ́ ìtànná tí ó là sára igi kédárì inú tẹ́ḿpìlì. Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí ó hù láti inú ilẹ̀; iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n. Nítorí náà, fífi ọwọ́ ṣe òdòdó kọ́ ni àbùkù. Àìbìkítà ni àbùkù. Òdòdó bébà tí eruku ti bò, tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, tí ó sì wà lórí pẹpẹ láti èṣí, kò sàn ju èyí tí ó ti rọ lọ.

Bí a ti ń ṣe òdòdó róòsì

Bébà tí ó dára jù fún iṣẹ́ yìí ni èyí tí ó hunjọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tí ó sì ń fà bí a bá nà án; crepe ni àwọn òǹtajà ń pè é. Ẹ wá àlùmọ́gàjí mímú, gọ́ọ̀mù, wáyà tínrín, òwú díẹ̀ àti pẹ́ńsù.

Èkíní, ẹ gé ewé òdòdó kéékèèké márùn-ún, kí ẹ sì gé ńláńlá mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá. Kí ìlà ìhunjọ bébà náà dúró lóòró, láti ìdí ewé dé orí rẹ̀. Bí ó bá wà ní ìbú, ewé náà kò ní í ṣeé nà.

Èkejì, ẹ fi àtàǹpàkò méjèèjì na àárín ewé kọ̀ọ̀kan síta díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kó bí àtẹ́lẹwọ́ tí a fi bu omi. Lẹ́yìn náà, ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ ara pẹ́ńsù kí ó lè tẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta, ẹ tẹ orí wáyà kọ́, ẹ we òwú mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ewé kékeré àkọ́kọ́ dì í pinpin. Ìdí ewé nìkan ni kí ẹ fi gọ́ọ̀mù sí. Kí ewé tí ó tẹ̀lé e máa bo àlàfo tí ó wà láàárín àwọn ti ìṣáájú.

Ẹ̀kẹrin, ẹ gé bébà aláwọ̀ ewé ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i, kí ẹ sì máa nà án bí ẹ ti ń wé e mọ́ wáyà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Fún àwọn ọmọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, èyí tí ó rọrùn wà. Kí wọ́n to bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́jọ léra, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ síwá-sẹ́yìn bí abẹ̀bẹ̀, kí wọ́n so àárín rẹ̀, kí wọ́n gé orí méjèèjì rógódó, kí wọ́n sì máa ṣí bébà náà sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkìlọ̀ tí a kò gbọdọ̀ fojú fò

Ní ọdún kan, ní ìsìn Àjíǹde, a to òdòdó bébà yí ìdí àbẹ́là ká. Fáànù fẹ́ ọ̀kan lu iná, ó sì gbiná lójú gbogbo ìjọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin akọrin kan tí ó yára fà á sílẹ̀ tí ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe to òdòdó bébà sí ìtòsí àbẹ́là, ìbáà ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nínú ilé.

Omi pẹ̀lú kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀, nítorí àwọ̀ crepe a máa ṣí, a sì máa ta sára aṣọ pẹpẹ funfun. Ẹ pa á mọ́ kúrò nínú oòrùn àti ibi ọ̀rinrin, kí ẹ sì kó o sínú páálí lẹ́yìn àjọ̀dún.

Iṣẹ́ tí ń so ènìyàn pọ̀

Ní ìlú Campo Maior ní orílẹ̀-èdè Pọ́túgà, àwọn ará àdúgbò ni ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe òdòdó bébà tí wọ́n fi ń bo òpópónà ìlú nígbà àjọ̀dún wọn. Ní ọdún 2021, àjọ UNESCO kọ àjọ̀dún náà mọ́ àṣà àjogúnbá aráyé. Àwa náà lè kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Bí ìyá arúgbó, opó àti ọmọdé bá jókòó yí tábìlì kan ká, ọwọ́ yóò máa ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìtùnú yóò sì máa jáde. Ẹni tí kò ní owó tí yóò fi ra òdòdó yóò ní ìpín tirẹ̀ lórí pẹpẹ.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa. Àmín.