Ìrẹ̀ àti Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Àwọn àgbà máa ń wí pé a kì í ru ẹran erin lórí kí a tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí òwe yìí ń sọ nípa ènìyàn kò ṣòro. Lónìí, ìrẹ̀ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a wò.

Agboolé kan náà ni ìrẹ̀, tata àti eéṣú ti wá. Orthoptera ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n ojúlé méjì ni ó wà níbẹ̀. Bí irun méjì tí ó yọ lórí kòkòrò náà bá gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ojúlé ìrẹ̀ ni. Bí ó bá kúrú, ojúlé tata àti eéṣú ni. Etí wọn náà yàtọ̀: ti tata wà ní ẹ̀gbẹ́ ikùn, ti ìrẹ̀ wà lára ẹsẹ̀ iwájú, nísàlẹ̀ orúnkún. Bẹ́ẹ̀ ni o, ẹsẹ̀ ni ìrẹ̀ fi ń gbọ́rọ̀!

Èyí tí àwọn ọmọ ń wà ní oko Ọ̀tà, lọ́nà Àtàn, ni ìrẹ̀ ńlá, Brachytrupes membranaceus. Ó lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5. Ilẹ̀ oníyanrìn ni ó fẹ́ràn, ihò rẹ̀ sì lè jìn ju ìdajì mítà lọ. Ìrẹ̀ kan, ihò kan ni. Lọ́sàn-án, erùpẹ̀ ni ó fi ń dí ẹnu ọ̀nà. Lóru, á jáde, á gé èhù ẹ̀gẹ́ tàbí ti àgbàdo, á sì wọ́ ọ wọlé. Àgbẹ̀ tí ó jí bá ebè òfìfo kò ní bá wa yìn ín.

Inú ihò yìí ni abo ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ kì í kọ́kọ́ di kòkòrò jẹwéjẹwé bí ọmọ labalábá; ó jọ ìyá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àfi pé kò ní ìyẹ́. Á máa bọ́ awọ títí yóò fi dàgbà.

Akọ nìkan ni ó ń kọrin, kì í sì í ṣe ẹnu ni ó fi ń kọ ọ́. Ìyẹ́ rẹ̀ kan ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Ó ń fi èkejì ha á. Ní ìrọ̀lẹ́, á dúró sí ẹnu ihò, á máa pe abo. Irú kọ̀ọ̀kan ní orin tirẹ̀, abo kì í sì í dá orin àjèjì lóhùn. Nítorí náà, àwọn onímọ̀ a máa fi etí yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí ojú kò bá tó.

Ní Ṣàngó-Ọ̀tà, níbi tí kọnkéré ilé-iṣẹ́ ti bo oko púpọ̀, ìrẹ̀ dúdú kékeré ni ẹ óò máa rí lábẹ́ iná mànàmáná. Gryllus bimaculatus ni. Ó ní àmì pupa rúsúrúsú méjì ní ìdí ìyẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ń wa ìrẹ̀, ẹ wá ibi tí erùpẹ̀ tútù wà lẹ́nu ihò. Èyí tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ má ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ejò tàbí àkekèé lè ti gba ilé onílé. Kí ẹ sì kọ́kọ́ bi olóko bóyá ó ti fín oògùn kòkòrò síbẹ̀. Bí ó bá ti fín in, ẹ má ṣe jẹ ìrẹ̀ oko náà, bí ó ti wù kí ẹ yan án tó: iná kì í pa májèlé.