Olùdámọ̀ràn Ilé-Ẹ̀kọ́ àti Ọmọ tí Ọ̀daràn ń Dọdẹ

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ni yóò rántí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a wọ yàrá olùdámọ̀ràn nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì: ọjọ́ tí a fẹ́ mọ̀ bóyá kíláàsì sáyẹ́ǹsì ni ó yẹ wá. Kò yani lẹ́nu. Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa nìyẹn. Ní 1959, àwọn Sísítà Ìjọ Àgùdà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn ènìyàn pàtàkì wá láti la ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yé àwọn ọmọbìnrin tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ọmọ tí ìwà rẹ̀ ń wọ́ mọ́ ohun tí olùdámọ̀ràn yóò máa bójú tó. Apá kejì yìí ni a gbàgbé.

Kí ló dé tí ọ̀daràn fi ń dọdẹ ọmọ ọdún 13 sí 18? Ara ọmọ ti ń gbó nígbà náà, ṣùgbọ́n apá ọpọlọ tí a fi ń kó ara wa ní ìjánu kò tíì gbó. Ènìyàn a kọjá ogún ọdún dáadáa kí ó tó gbó. Ojú ẹgbẹ́ ni ọmọ ń wò. Ẹni tí ó fẹ́ fà á wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tàbí iṣẹ́ yàhúù kì í sì kọ́kọ́ dárúkọ olè. Yóò ra bàtà fún un, yóò máa pè é ní àbúrò. Lẹ́yìn náà ni yóò rán an níṣẹ́ kékeré: “Bá mi gbé báàgì yìí dé ìsàlẹ̀.” Ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ padà, wọn a rán an létí báàgì náà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rù ni okùn tí ó dè é mọ́lẹ̀, kì í ṣe owó mọ́.

Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò lè sọ̀rọ̀ níwájú pàṣán. Mo fi ojú ara mi rí i. Níbi tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọmọkùnrin kan wà tí kò sí ẹni tí ó lè bá a du àlọ́ àpamọ̀. Nígbà tí ó yá, ó ń pẹ́ dé, ó ń jókòó sẹ́yìn, ó sì ní fóònù tí ìyá rẹ̀ tí ń ta ẹ̀wà kò lè rà. Mo sọ fún olùdámọ̀ràn. Òun kan náà ni ó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, òun náà sì ni ó ń na àwọn tí ó bá ṣẹ̀. (N kò dá a lẹ́bi, wọn kò fún un ní ẹnì kejì.) Ó pe ọmọ náà. Pàṣán wà lórí tábìlì. “Kò sí nǹkan kan, sà,” ni ọmọ náà wí.

Ọwọ́ tí ó ń gba ọ̀rọ̀ àṣírí kò yẹ kí ó máa di pàṣán mú. Olùdámọ̀ràn gbọdọ̀ sọ fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé òun yóò pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, àyàfi bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu. Ó yẹ kí ó lè dé ìsọ̀ ìyá ọmọ láìjẹ́ pé ó lọ fi ẹjọ́ sùn.

Ọmọ náà kò padà wá ní sáà kẹta. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ́jísítà mi.