Kí Ìgbìmọ̀ Tó Fọwọ́ Sí Owó Sípíríǹgì: Ohun Tí Ó Ń Mú Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Fì Lójú Ọ̀nà Márosẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó wà nínú àpapọ̀ wa ni ó ní bọ́ọ̀sì kan tàbí méjì. Bọ́ọ̀sì yìí ni ó ń kó àgbàdo, gàrí àti kòkó lọ sí ọjà. Òun náà ni ó ń gbé àwọn aṣojú wa lọ sí ìpàdé ọdọọdún. Owó tí gbogbo wa dá jọ ni a fi rà á, ẹ̀mí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó sì ń gbé. Nítorí náà, nígbà tí awakọ̀ bá wá sọ pé, "Ẹ̀yin àgbà, ọkọ̀ yìí ń fì," ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan, ti gbogbo wa ni.

Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ tẹ̀lé e ni pé sípíríǹgì ẹ̀yìn ti rọ̀, kí ẹgbẹ́ mú owó wá, kí a fi pẹlẹbẹ irin kan tàbí méjì kún un. Ẹgbẹ́ kan nínú àpapọ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi pẹlẹbẹ méjì kún sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìdí ọkọ̀ ga sókè, ó ń ju àwọn èrò sókè sódò bí ẹni gun ẹṣin, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ọ̀nà márosẹ̀, ó tún ń fì. Ẹ̀yìn tí wọ́n náwó tán ni wọ́n tó rí i pé táyà ẹ̀yìn kì í ṣe irú èyí tí ó yẹ ọkọ̀ tí ń ru ẹrù, àti pé róbà bọ́ọ̀ṣì iwájú ti jẹ tán. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ohun tí a fẹ́ sọ fún yín kò ju ẹyọ kan lọ: àyẹ̀wò ọkọ̀ tí ń fì ní ètò tirẹ̀, láti ilẹ̀ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, sípíríǹgì ni ó sì ń kẹ́yìn.

Ọ̀nà dáradára ni ó ń tú àṣírí ọkọ̀

Lójú ọ̀nà oko, kòtò àti gegele kì í jẹ́ kí awakọ̀ lè sáré. Ọkọ̀ tí ó ní àìsàn yóò máa rọra lọ, ẹnikẹ́ni kò ní fura. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ó gùn tó kìlómítà 127, ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti mọ̀ pé ibi tí ọ̀nà ti tẹ́jú ni àìsàn ọkọ̀ ti ń jáde. Ìdí rẹ̀ nìyí: bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, agbára kan ń fẹ́ tì í sí ẹ̀gbẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì ní kọ́nà kan náà, agbára yìí di ìlọ́po mẹ́rin. Awakọ̀ tí ó kúrò ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan tí ó bọ́ sí 90 lè rò pé ìdajì ni òun fi kún eré. Agbára tí ń ti ọkọ̀ rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ. Kìlómítà 90 yìí náà ni òfin ìrìnnà gbà fún bọ́ọ̀sì àti takisí lójú ọ̀nà márosẹ̀, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e yẹ̀ wò ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní: Táyà

Táyà nìkan ni ohun tí ó kan ilẹ̀ nínú gbogbo ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá dín, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yóò máa rọ̀, yóò máa gbá síhìn-ín sọ́hùn-ún, ọkọ̀ kò sì ní lè dúró lójú kan. Bákan náà ni yóò máa gbóná títí yóò fi bẹ́. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí ó yẹ wà lára bébà kékeré tàbí irin pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà awakọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì, ti ẹ̀yìn máa ń ju ti iwájú lọ bí ẹrù bá kún. Ẹ má ṣe lo nọ́ńbà tí ó wà lára táyà fúnra rẹ̀ fún èyí, nítorí òpin ohun tí táyà lè gbà ni ìyẹn. Òwúrọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn ni kí awakọ̀ fi géèjì wò ó. Bí táyà bá gbóná lójú ọ̀nà, géèjì yóò fi iye tí ó ga hàn; kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú u sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo irú táyà tí fọkanáísà gbé lé e. Táyà bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ 195R15C sí lára, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 106, lè ru kìlógíráàmù 950. Táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ 195/65R15 sí, tí nọ́ńbà ẹrù rẹ̀ jẹ́ 91, kò lè ru ju 615 lọ. Ìwọ̀n ihò àárín àwọn méjèèjì dọ́gba, nítorí náà àjòjì kò ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀: táyà bọ́ọ̀sì méjì lẹ́yìn gba 1,900, táyà ayọ́kẹ́lẹ́ méjì gba 1,230 péré. Ẹgbẹ́ tí ó ra èyí tí ó wọ́n díẹ̀ kò sọ owó nù.

Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin ni ó máa ń parí àkọlé tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára táyà. Bí ó bá jẹ́ 2321, ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2021 ni wọ́n ṣe é. Táyà tòkunbọ̀ lè máa dán lójú, kí ó sì ti gbó.

Èkejì: Ẹrù

Ẹgbẹ́ wa kò ṣaláìní òṣùwọ̀n. Ẹni tí ń wọn àpò kòkó lè wọn ẹrù ọkọ̀. Ẹ wọn àpò, ẹ ka èrò mọ́ ọn, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà gbà.

Ibi tí a gbé ẹrù sí ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n rẹ̀. Ká ní àlàfo àárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ jẹ́ mítà 2.5, tí a sì di àpò 5 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kìlógíráàmù 100 sí bùútù, ní mítà kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Kì í ṣe 500 ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò rù. 700 ni yóò rù, nítorí ẹrù náà ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè bí igi tí a fi gbé òkúta, ó sì mú 200 kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹsẹ̀ iwájú yìí ni a fi ń darí ọkọ̀! Awakọ̀ yóò sọ pé sítíárìn fúyẹ́ lọ́wọ́ òun, ìdí ọkọ̀ yóò sì máa fì bí ìrù adìyẹ. Ẹrù orí òrùlé náà burú. Ẹni tí ó ru igbá omi sórí kò lè yà bìrí bí ẹni tí ó gbé e lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Ẹ gbé ẹrù wúwo sí ìsàlẹ̀, sí iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ sì so ó kí ó má baà yí.

Ẹ̀kẹta: Oríkèé ọkọ̀

Bí táyà àti ẹrù bá dára tí ọkọ̀ ṣì ń yẹ̀, kí mẹkáníìkì yẹ oríkèé wò: róbà bọ́ọ̀ṣì, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì, táì-rọ́ọ̀dù àti bíárìn. Kí ó fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kúrò nílẹ̀, kí ó fi irin tí ó lágbára ti ọkọ̀ nísàlẹ̀, nítorí a kì í gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Kí ó wá di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí ó mì í. Bí ó bá ń gbọ̀n, bọ́ọ̀lù-jọ́ìǹtì tàbí bíárìn ni kí a fura sí. Kí ó dì í mú lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ó bá ń gbọ̀n níbẹ̀ nìkan, kí ó wo táì-rọ́ọ̀dù àti sítíárìn. Lẹ́yìn ọkọ̀, kí ó wo bóòtù ńlá tí ó de sípíríǹgì mọ́ ásùlù. Bí bóòtù bá tú, ásùlù lè sún kúrò ní àyè rẹ̀, ọkọ̀ yóò sì máa fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn. Ìgbà tí a bá tún gbogbo èyí ṣe tán ni a tó ń ṣe àláímẹ́ǹtì. Ẹni tí ó ṣe àláímẹ́ǹtì nígbà tí oríkèé ṣì ń gbọ̀n fi owó ẹgbẹ́ ṣòfò.

Ẹ̀kẹrin: Ṣọ́ọ̀kì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣọ́ọ̀kì ni ó ń ru ẹrù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì ni ó ń ru ẹrù. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni láti dá sípíríǹgì lẹ́kun. Òróró wà nínú rẹ̀ tí ń gba ihò tóóró kọjá. Òun ni ó ń sọ fífò ọkọ̀ di ooru kí ó lè rọlẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá kú, ọkọ̀ yóò bọ́ sí kòtò kan, yóò sì máa fò lẹ́yìn tí kòtò ti kọjá. Nígbà tí táyà bá sì fò kúrò nílẹ̀, kò sí búrékì, kò sí sítíárìn. Ẹ tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀: bí ó bá fò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, tàbí tí òróró ń jò lára ṣọ́ọ̀kì, ó ti tán. Méjì méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀tún àti òsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀karùn-ún: Sípíríǹgì

Nísinsìnyí ni a dé ọ̀dọ̀ sípíríǹgì. Bí pẹlẹbẹ kan bá ti ṣẹ́, tàbí tí ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí kò rù nǹkan kan, ó yẹ kí a ṣe é. Ṣùgbọ́n fífi pẹlẹbẹ kún un kò fi kún ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè rù. Táyà, búrékì àti ásùlù kò yí padà. Bí ẹ̀yìn bá le jù, ó lè máa yọ̀ ní kọ́nà, pàápàá bí òjò bá rọ̀.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ń kọ́ ilé sórí bọ́ọ̀sì àti lọ́rì, pẹ̀lú ibùsùn àti ilé ìdáná, wọ́n sì ń gbé e rìn kiri. Ẹrù ọkọ̀ wọn kì í kúrò lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Wọ́n máa ń fi àpò róbà oníafẹ́fẹ́ ran sípíríǹgì ẹ̀yìn lọ́wọ́, wọ́n sì máa ń fi irin tí ó nípọn jù sí i kí ọkọ̀ má baà máa tẹ̀ ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọṣẹ́ nínú wọn máa ń gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n ná kí wọ́n tó ra nǹkan kan. Ìwà yìí yẹ kí a kọ́.

Ohun tí ìgbìmọ̀ yóò bèèrè

Nígbà tí ìwé owó sípíríǹgì bá dé iwájú ìgbìmọ̀, kí akápò béèrè ìbéèrè mẹ́rin: Kí ni géèjì sọ, irú táyà wo ni ó sì wà lẹ́yìn? Kí ni ìwọ̀n ẹrù, níbo ni a sì dì í sí? Ta ni ó mi ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò, kí ni ó rí? Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Bí ìdáhùn bá pé tí sípíríǹgì sì jẹ̀bi, ẹ fọwọ́ sí i láìjáfara. Bí ìdáhùn kò bá pé, ẹ dá ìwé padà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Sí awakọ̀, ọ̀rọ̀ wa kò pọ̀. Bí tírélà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ti ọkọ̀, ẹ di sítíárìn mú ṣinṣin, ẹ má fà á lójijì. Bí ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí fì, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tòrótù díẹ̀díẹ̀, ẹ má ṣe tẹ búrékì gìdìgbà. Bí ìgbìmọ̀ bá sì ní kí ẹ tún àpò mẹ́ta sí i gbé sórí òrùlé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ kọ̀ ọ́.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọkọ̀ tí a fi àgbájọ owó rà, àgbájọ ojú ni ó yẹ kí a fi máa ṣọ́ ọ. Ọ̀nà á ire o.